Ìràwọ̀ Mọ́kàndínlógún Lórí Òrùlé Manchester

Manchester,
Ọjọ́ Ẹtì, 15 Oṣù Kejìlá, 2023.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọyẹ́, ẹ sì kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún. Mo mọ̀ pé kí Olúrẹ̀mí tó tẹ lẹ́tà yìí síwèé ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìdó, kó sì tó gbé e wá bá yín ní Òsì, ọyẹ́ á ti bó yín létè. Ẹ jẹ́ kí Màmá fi òrí pa á fún yín, ẹ má ṣe agídí. Ẹ bá mi kí Màmá gan-an. Ẹ sọ fún wọn pé aṣọ òtútù tí wọ́n ń bèèrè, mo ń wọ̀ ọ́, mẹ́ta lórí ara wọn.

Iṣẹ́ ń lọ déédéé ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo wà. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni mo gbé wá lónìí. Mo fẹ́ fi àwòrán kan hàn yín, Bàbá, inú mi sì ń dùn débi pé mi ò lè jókòó síbì kan.

Lọ́dọọdún, ní àárín oṣù Kejìlá, àwọn ìràwọ̀ kan máa ń já lójú ọ̀run léraléra fún bí òru méjì. Àwọn onímọ̀ ní kì í tiẹ̀ ṣe ìràwọ̀, wọ́n ní eruku àti òkúta wẹ́wẹ́ ni, tó ń jóná bó ṣe ń já wọ inú afẹ́fẹ́ ayé. Ẹni tó bá wà lóko á rí i kedere. Ẹni tó wà ní ìgboro bíi tèmi, iná títì ti bà á jẹ́ mọ́ ọn lójú, ojú ọ̀run ibí á kàn pupa rúsúrúsú bí ẹni pé wọ́n ń sun igbó níbì kan. Gbogbo ẹni tí mo sọ fún ló ní kí n wọkọ̀ lọ sórí àwọn òkè tó wà lẹ́yìn ìlú. Mi ò ní ọkọ̀, mo sì ní iṣẹ́ láàárọ̀. Mo ní àárín ìlú yìí náà ni n ó ti yà á.

Ilé alájà mẹ́jọ kan wà nítòsí wa tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Mo bẹ ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀, ó jẹ́ kí n gòkè. Mo gbé kámẹ́rà mi lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ sẹ́yìn ògiri kan tó dí iná títì, mo kọ ojú rẹ̀ sí ibi tó ṣókùnkùn jù. Bí kámẹ́rà bá lajú pẹ́ jù, pípọ́n ìlú yìí á bo gbogbo rẹ̀, torí náà ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ mẹ́jọ ni mo ń jẹ́ kó là á, á pa á dé, á tún là á. Kò sí òṣùpá. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ dé aago mẹ́ta òru ni mo fi dúró, mo sì ya fọ́tò tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Nínú gbogbo rẹ̀, mọ́kàndínlógún péré ni ìràwọ̀ já nínú wọn. Mo wá fi kọ̀ǹpútà kó mọ́kàndínlógún náà sójú kan. Kí ẹ má bàa rò pé wọ́n jọ já lẹ́ẹ̀kan náà ni mo ṣe ń ṣàlàyé. Àwọn òrùlé tí ẹ máa rí nísàlẹ̀, òrùlé àdúgbò wa ni.

Nígbà tí àkọ́kọ́ já, mo kígbe, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fi Àgùàlà hàn mí ní àgbàlá wa, torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ rí i ṣáájú ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè kọ̀wé kí ẹ sọ bó ṣe rí lójú yín. Lẹ́tà àti àwòrán náà ni mo jọ fi ránṣẹ́ sí fóònù Olúrẹ̀mí.

Èmi ni ọmọ yín,
Ọmọ́yẹni.


Òsì-Èkìtì,
21 Oṣù Kejìlá, 2023.

Ọmọ́yẹni ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ṣé ò ń jẹun? Jẹun, kódà bí kò bá wù ọ́. Sùn pẹ̀lú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Olúrẹ̀mí gbé ohun tí o fi ránṣẹ́ dé. Mo mú un lọ sábẹ́ igi ọsàn, mo wò ó. Mo ka àwọn ìràwọ̀ náà, mọ́kàndínlógún ni wọ́n. Bàbá tó bí mi, ọdẹ ni, kì í jẹ́ kí á nàka sí ìràwọ̀ tó bá já. Á ṣí fìlà, á dákẹ́, títí ilẹ̀ á fi mọ́ tí ìròyìn ẹni tó lọ á fi dé. Èmi ṣe tíṣà fún ọdún márùndínlógójì, mo sì ti sọ fún àìmọye ọmọ ilé-ìwé pé kò sí ohun tó kan ìràwọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ikú ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ mo ṣí fìlà tèmi náà.

Ó ti yé mi. O ṣe é bí ọmọ tí a kọ́. Màmá rẹ kò tíì rí i, kò sì gbọ́dọ̀ rí i kí ọdún tó kọjá. Inú Bíbélì mi ni mo fi í sí. Bí o bá ń kọ̀wé, má fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ náà rárá, torí ìyá rẹ máa ń ní kí Olúrẹ̀mí ka lẹ́tà rẹ sókè fún òun kí n tó rí i gbà.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Festus ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́? Láti ìgbà Ìkórè ni kò ti pe ìyá yín. Mo ní kí Olúrẹ̀mí bá mi pe nọ́ńbà rẹ̀, kò lọ. Etí tèmi, ìwọ náà mọ̀ pé fóònù ti kọjá agbára rẹ̀. Bí o bá lè dá mi lóhùn, dá mi lóhùn. Bí kò bá ṣeé sọ, má sọ ọ́.

N kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ṣe ara rẹ jẹ́jẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ògúntọ́lá.


Manchester,
7 Oṣù Kìíní, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Olúrẹ̀mí ti ṣọ́ọ̀bù lọ fún ọdún, torí náà ọjọ́ kejì oṣù yìí ni lẹ́tà yín tó dé ọwọ́ mi.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dùn mí, n kò ní purọ́ fún yín. Mo rò pé ẹ máa bi mí ní ìbéèrè kan tàbí méjì nípa rẹ̀. Mo rò pé ẹ máa pe Màmá kí ẹ jọ wò ó. Ẹ wá fi í pamọ́ bí ohun ìtìjú. Bí ẹ bá ní kí n má fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ náà mọ́, mo ti gbọ́, n kò ní fọwọ́ kàn án mọ́.

Ní ti Ẹ̀gbọ́n mi Festus, ẹ jọ̀wọ́, n kò tíì lè sọ̀rọ̀ wọn báyìí. Ẹ jẹ́ kó di ìgbà mìíràn.

Òtútù ń mú. Iṣẹ́ pọ̀. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń bọ̀ níbí, ẹ bá mi fi irú àti ata gígún rán an.

Ọmọ yín,
Ọmọ́yẹni.


Òsì-Èkìtì,
18 Oṣù Kìíní, 2024.

Ọmọ́yẹni,

Mo ti kí ọ tó nínú àwọn lẹ́tà ìyókù. Ti òní, jẹ́ kí n lọ sójú ọ̀rọ̀. Níbo ni ẹ sin ín sí?

Mo mọ̀ pé èmi ni mo ní kí o má sọ ọ́. Mo rò pé mo lè gbé e. Nílé wa níbí, a kì í kọ ikú sínú lẹ́tà, ìwọ náà gbọ́ ọ dàgbà. Nígbà tí àbúrò mi kú ní Kàdúná, ohun tí wọ́n kọ sí mi ni pé ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yá, kí n máa bọ̀. Kí n tó wọkọ̀ ni mo ti mọ̀. Torí náà nígbà tí àwòrán ìràwọ̀ jíjá dé láti ọ̀dọ̀ rẹ, lórí bébà dúdú àti funfun, tí kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú rẹ̀, kò ṣòro fún mi láti kà. Mo ní ọmọ mi kò fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ túfọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún mi. Mo wá fi ọgbọ́n bèèrè Festus, o ní o kò lè sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọgbọ̀n ọjọ́ rèé. Mo máa ń lọ sí oko kòkó láàárọ̀, mo máa ń sunkún níbẹ̀, màá wá fi omi bọ́jú kí n tó padà. Ìyá rẹ bi mí lẹ́ẹ̀mejì ohun tó ń pọ́n ojú mi, mo ní ọyẹ́ ni. Ó ń gún iyán, ó ń rẹ́rìn-ín, n kò sì lè wo ojú rẹ̀ jẹun.

N kò lè ṣe é mọ́. Sọ fún mi ní kedere, kí n lè mọ bí n ó ṣe sọ fún obìnrin yìí. Ṣé àìsàn ni? Ṣé mọ́tò ni? Ṣé ó kú ní òun nìkan? Ṣé ó fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ fún mi?

Ògúntọ́lá.


Manchester,
20 Oṣù Kìíní, 2024, kí ilẹ̀ tó mọ́.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà yìí, ẹ dárí jì mí. N kò fi ikú ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ sí yín. Fọ́tò lásán ni. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi yà á, tayọ̀tayọ̀ ni mo sì fi ránṣẹ́. Lẹ́tà gígùn kan bá a rìn tó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Mo pe Olúrẹ̀mí lóru yìí, ó ní lẹ́tà náà kọ̀, kò ṣí lórí kọ̀ǹpútà òun, òun sì rò pé àwòrán náà ti tó. Mo ti ní kó tẹ lẹ́tà náà jáde báyìí pẹ̀lú èyí, kó gun ọ̀kadà wá bá yín lónìí.

Ṣùgbọ́n Bàbá, bí mo bá búra fún yín pé Ẹ̀gbọ́n mi wà dáadáa, irọ́ ni mo pa. N kò mọ̀. Ọdún Àjíǹde tó kọjá ni mo rí wọn gbẹ̀yìn, oṣù mẹ́sàn-án rèé. Mo lọ kí wọn ní Liverpool, a ń jẹun pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn, mo wá sọ níwájú gbogbo ènìyàn pé àrẹ̀mọ tí kì í wálé kì í ṣe àrẹ̀mọ. Wọ́n ní kí n jáde nílé àwọn. Mo jáde. Mo ní wọ́n á pè mí, àwọn náà á máa retí pé kí àbúrò wá bẹ àwọn. Èmi ló yẹ kí n bẹ̀bẹ̀, mo mọ̀ ọ́n, mo kàn ń gbé agídí mi kiri. Ìdí tí mo fi ní n kò lè sọ̀rọ̀ wọn nìyẹn.

Láti alẹ́ àná ni mo ti ń pe fóònù wọn. Pípa ni wọ́n pa á. Rélùwéè ibí kò gbà tó wákàtí kan dé ọ̀dọ̀ wọn, oṣù mẹ́sàn-án ni mo sì fi jókòó. Báàgì mi ti wà léjìká. Ẹ má tíì sọ ohunkóhun fún Màmá.

Ọmọ́yẹni.


Liverpool,
20 Oṣù Kìíní, 2024, ní ìrọ̀lẹ́.

Bàbá mi,

Festus wà láàyè. Mo wà nínú ilé wọn, wọ́n jókòó síwájú mi, wọ́n ń jẹ ẹ̀bà.

Mo kanlẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo tún kàn án títí ọwọ́ fi ń ro mí. Mo ti ń ronú ẹni tí n ó pè nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n fọwọ́ ti ògiri. Wọ́n ti rù, okùn ni wọ́n fi so ṣòkòtò mọ́ ìdí. N kò ráyè kí wọn, mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo ní kí wọ́n dárí jì mí. Wọ́n ní, "Yẹni, dìde, ilẹ̀ tutù." Àwa méjèèjì wá sunkún tó pọ̀.

Ní oṣù Kọkànlá ni inú rírun gbé wọn dè, ìfun kan ló bẹ́ nínú wọn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, ojú egbò náà tún ṣí, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n lò ní ọsibítù. Fóònù wọn sọnù lọ́jọ́ tí ọkọ̀ wá gbé wọn. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò fi fóònù ẹlòmíràn pe ilé. Wọ́n ní ohùn àwọn kò tíì padà sípò, pé bí Màmá bá gbọ́ ọ pẹ́nrẹ́n wọ́n á mọ̀, pé àwọn ń dúró kí ara yá tán. Èmi wá ńkọ́? Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ bóyá n ó wá.

Dókítà ti ní ewu ti kọjá. Mo rí ìwé náà fúnra mi, mo sì kà á. Mo fi lẹ́tà yín hàn wọ́n. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ojú abẹ mú. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ẹ ti bèèrè bóyá wọ́n fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún yín, wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n ní kí n fún àwọn ní bírò. Mo ti ra síìmù tuntun fún wọn. Lọ́la lẹ́yìn ìsìn, a ó pe fóònù Màmá.

Ọmọ́yẹni.

Bàbá mi, èmi Festus ni mò ń kọ èyí. Ẹ wo ọwọ́ ìkọ̀wé náà, ẹ̀yin lẹ fi pàṣán tọ́ ọ. N kò kú. Ìbẹ̀rù bà mí pé mo máa kú, ní òru ọjọ́ kejì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ̀yin ni mo sì ń pè. Nọ́ọ̀sì bèèrè ẹni tó ń jẹ́ Bàbá. Ọ̀rọ̀ tí mo ní fún yín kò ju pé kí ẹ má bínú.


Òsì-Èkìtì,
23 Oṣù Kìíní, 2024.

Ẹ̀yin ọmọ mi méjèèjì,

Mo kí yín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, n ó sì tún dúpẹ́ kí n tó parí lẹ́tà yìí. Mo jókòó sí iwájú ilé, mo ti jẹ iyán àná àti tòní, mo sì ti sùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Olúrẹ̀mí gun ọ̀kadà dé, eruku bò ó. Mo ka lẹ́tà tó ti yẹ kí n kà láti oṣù tó kọjá, mo wá ka èyí tí o ti ní o kò mọ̀. Ọmọ́yẹni, n kò sùn lóru ọjọ́ yẹn. Lẹ́tà ti Liverpool kò tíì dé, iná kò sí ní Ìdó títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Nítorí náà n kò mọ nǹkan kan nígbà tí a jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. A ti dé iwájú ilé nígbà tí ìyá yín yọ fóònù rẹ̀ nínú báàgì, ó fi í sétí. Ẹ mọ̀ pé n kò gbọ́ nǹkan kan. Ojú rẹ̀ ni mò ń wò. Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ ṣí. Mo rí i tí gèlè ṣubú lórí rẹ̀ tí kò mú un, tó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú iyanrìn pẹ̀lú aṣọ ọjọ́ Àìkú, tó ń sunkún. Mo ní ó ti tán, ẹnìkan ti túfọ̀ fún un lórí fóònù. Mo jókòó tì í nínú iyanrìn náà, mo dì í mú, mo ní, "Àkànkẹ́, má bínú, mo ti mọ̀ tipẹ́."

Ó yí ojú padà sí mi, ẹ̀rín ló ń rín. Ó pariwo sínú etí mi kan tó sàn: "Festus mà ni! Festus rè é!" Ó fi fóònù náà mọ́ mi létí. N kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, Festus, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí ó gbà á padà. Mo sọ gbogbo ohun tó wà nínú mi. Mo kí ọ, mo bú ọ, mo gbàdúrà fún ọ. Ìyá rẹ ní o ti pa fóònù kí n tó dé ibi àdúrà. Kò burú, Ẹni tí mò ń gbà á sí gbọ́.

Lálẹ́, mo ní kí n jẹ́wọ́ fún un. Mo mú Bíbélì mi, mo ṣí i, mo ní ohun kan wà níbí tí mo fi pamọ́ fún ọ. Kò tiẹ̀ wò ó. Ó ní, "Mo rí i kẹ̀, Bàbá Festus. Kí lo lè fi pamọ́ fún mi nínú ulé yìí?" Ọjọ́ kejì Kérésì ló rí i, nígbà tó ń nu tábìlì. Òun náà kà á bí mo ṣe kà á. Ó dá a padà sójú ìwé tó wà, ó ní kí n má mọ̀ pé òun mọ̀, kí n lè rí oúnjẹ jẹ. Inú ilé ìdáná ló ti ń sunkún tirẹ̀. Mo rántí pé mo bi í ohun tó ń pọ́n òun náà lójú, ó ní èéfín ni, mo sì gbà á gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni àwa arúgbó méjì ṣe ọ̀fọ̀ ọmọ kan náà nínú ilé kan náà, olúkúlùkù nínú yàrá tirẹ̀. Nígbà tó yé wa tán, a rẹ́rìn-ín títí aládùúgbò fi wá kanlẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù wá bà mí. Bí Festus bá kú ní òru ọjọ́ kejì yẹn ńkọ́? Nọ́ọ̀sì tí kò mọ̀ wá ni yóò jẹ́ ẹni tó wà níbẹ̀.

Ọmọ́yẹni, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dára. Mo ti wá rí i bó ṣe yẹ kí n rí i, ìyá rẹ sì ń fi í han àwọn obìnrin ìjọ. Àmọ́ àwòrán kọ́ ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Má ṣe kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ títí yóò fi lè dá rìn lọ sọ́jà. Bí ẹ bá fẹ́ jà, ẹ jà, kí ẹ sì jókòó sójú kan náà jà á.

Festus, ìyá rẹ wà níbí, ó ní kí n kọ ọ́ bí òun ṣe sọ ọ́. Ó ní bí ara rẹ kò bá yá, pe òun, ì báà jẹ́ pé ohùn rẹ kò jáde. Ó ní òun á sunkún, èmi náà á sunkún, ṣùgbọ́n a ó wà nínú yàrá kan náà.

Èmi ni bàbá yín,
Ògúntọ́lá.